Ọjọ́ Tó Kúrú Jù ní Brighton

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Oòrùn wọ̀ ní Brighton kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ojúmọ́ tó mọ́ lónìí kò pé wákàtí mẹ́jọ. Ní Èkó, aago márùn-ún ló ń lọ lù lásìkò kan náà, oòrùn sì ṣì ní ohun tó ju wákàtí kan lọ láti lò.

Nínú ọkọ̀ ojú irin láti London, bàbá arúgbó kan wọ kóòtù dúdú bíi ti adájọ́. Nígbà tó tú u, súwẹ́tà abẹ́ rẹ̀ yọ: àgbọ̀nrín ni wọ́n yà sí i láyà, imú àgbọ̀nrín náà sì ń tan iná. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló bo etíkun Brighton. Ìgbì á tì wọ́n sókè, á tún wọ́ wọn padà. Wíwọ́ yẹn ló ń pariwo, kì í ṣe ìgbì fúnra rẹ̀: ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń yí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńlá po lọ́wọ́, láìlù ú. Obìnrin tó wọ bàtà gogoro débẹ̀ ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ọdún 1899 ni wọ́n ṣí Palace Pier. Afárá ni lójú, ṣùgbọ́n kò sọdá sí ibì kankan: ó gùn wọnú òkun ní ẹsẹ̀ bàtà 1,722, ó sì tán. Àwọn èèyàn ń rìn ín dé òpin, wọ́n ń wo òkùnkùn níwájú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ń padà wá ra dónọ́ọ̀tì. Òórùn òróró gbígbóná àti ṣúgà ń fẹ́ lọ sí ojú omi. Òórùn pọ́fúpọ́fù ni, láìkù síbì kan.

Lápá ìwọ̀ oòrùn, egungun West Pier dúró nínú omi. 1866 ni wọ́n ṣí i, 1975 ni wọ́n tì í, iná sì jó o lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2003. Irin rẹ̀ ló kù. Àwọn tó kọ ẹ̀yìn sí èyí tó wà láàyè kí wọ́n lè ya fọ́tò èyí tó ti kú pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Àwọn ẹyẹ starling dé kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ẹyẹ kékeré dúdú ni wọ́n, aláriwo bí ẹ̀ga. Wọ́n ń fò pọ̀ lójú ọ̀run bí aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń ká, wọ́n ń tú, ọ̀kan kò sì kọlu èkejì. Lẹ́yìn náà wọ́n já sábẹ́ Palace Pier lọ sùn, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń fa ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò pọ̀ mọ́ bíi ti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn rárá. Gbogbo ẹni tó wà létíkun pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi wọlé tán.

Obìnrin mẹ́rin jáde láti inú òkun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ara wọn pupa. Omi gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ lálẹ́ báyìí. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas wà lórí òkè. Nicholas tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni alágbàwí àwọn atukọ̀; òun náà ló di Bàbá Kérésì. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì nígbà tí mo débẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1862, ọmọ ìlú Òkè-Ọ̀dàn kan ṣe ìyàwó. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o ní kékeré. Lọ́dún 1850, Gezo, ọba Dahomey, fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ́rẹ, kó mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó fi ti ọkọ̀ rẹ̀ kún un: Sarah Forbes Bonetta. Wọ́n ní Àìná ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmútọ̀runwá ni Àìná. Ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ló ń jẹ́ ẹ. Òbí kì í yàn án.

James Pinson Labulo Davies ni ọkọ, oníṣòwò, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone. Sarah kò kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà kan ní Clifton Hill, níhìn-ín ní Brighton, inú rẹ̀ kò sì dùn níbẹ̀. Mo rin òpópónà náà. Ilé funfun ló tò síbẹ̀, òdòdó ọdún wà lára ilẹ̀kùn, igi Kérésì sì ń tàn lójú fèrèsé. Ó dùn mí gan-an pé láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà rárá.

Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ rán Sarah lọ sí Freetown lọ́dún 1851: ikọ́ ń dà á láàmú. Lọ́dún 1880 ikọ́ ife ló gbé e lọ sí erékùṣù Madeira, kó lè rí afẹ́fẹ́ tó móoru. Ibẹ̀ ló kú sí. Kò tíì pé ogójì ọdún.

Nísàlẹ̀ òkè, ààfin Royal Pavilion ní òrùlé rìbìtì bíi ti ilẹ̀ Íńdíà. George Kẹrin, tó kọ́ ọ, kò dé Íńdíà rí. Láti 1914 dé 1916, àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó fara gbọgbẹ́ ní Faransé ni wọ́n tò sí orí ibùsùn nínú rẹ̀, lábẹ́ àwọn dírágónì tí wọ́n fi wúrà kùn.

Burning the Clocks ni wọ́n ń pe ayẹyẹ alẹ́ yìí: sísun agogo. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ẹni gbogbo lè ní ọdún tí kò sí ẹ̀sìn nínú rẹ̀, tí kò sì sí ọjà rírà. Wọ́n gbé e gba àárín àwọn ilé ìtajà kọjá.

Àwọn onílù sámbà ló ṣáájú. Irin ẹlẹ́nu méjì kan ń dún láàárín ìlù wọn, gààn, gààn. Agogô ni àwọn ará Brazil ń pè é.

Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun àtùpà. Ojú agogo wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Madeira Drive, òpópónà etí òkun, ni wọ́n gbé wọn gbà dé ibi iná. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ púpọ̀ hun kò jó ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan kọ̀ láti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni wọ́n yà sí i. Bàbá rẹ̀ kò bá a jà.

Bánńgà dún tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ìfaratì, obìnrin kan na fóònù sí ojú omi. "Màámi, ẹ wò ó, òkun rè é." Dúdú ló kún ojú fóònù. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde: "Mi ò rí nǹkan kan o. Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"