Ẹjọ́ Tí A Dá Lẹ́yìn Olùjẹ́jọ́

Òwe tó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni, a máa dùn létí títí di ọjọ́ tí ẹnìkan ọ̀hún bá jẹ́ ẹbí ẹni. Mọ́tò akẹ́rù kan ló ya kúrò lójú títì ní Adégbayì, lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ó gbá àǹtí mi nídìí àtẹ èlùbọ́ wọn, eegun itan wọn sì ṣẹ́. Ẹni tó ni mọ́tò fi owó kékeré sílẹ̀ ní ọsibítù, kò tún yọjú mọ́. Àǹtí mi pè é lẹ́jọ́. Kò wá, kò rán lọ́yà. Adájọ́ gbọ́ ẹ̀rí àǹtí mi, ó yẹ ìwé dókítà àti rìsíìtì wò, nítorí bí olùjẹ́jọ́ kò tilẹ̀ wá, ẹni tó fara pa ṣì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ti iye owó tó ń béèrè lẹ́yìn. Ó dá wọn láre. A ò tíì rí kọ́bọ̀ gbà tí bébà tuntun fi dé: ọkùnrin náà ní kí kóòtù fagi lé ìdájọ́ ọ̀hún, pé ilé tí òun ti kó kúrò ni wọ́n lẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ mọ́.

Mo pè é ní àrékérekè. Ṣùgbọ́n mo mọ àdúgbò wa. Bí wọ́n bá wá olùjẹ́jọ́ tì, kóòtù lè pàṣẹ kí bélìfù lẹ ìwé mọ́ géètì ilé tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ kẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí kò ní nọ́ńbà pọ̀. “Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé onígéètì dúdú” la fi ń júwe rẹ̀. Ayálégbé ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde, òjò kan ṣoṣo sì tó láti wẹ bébà kúrò lára irin. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má parọ́.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti la ohun tí adájọ́ yóò béèrè kó tó fagi lé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1982, nínú ẹjọ́ Williams àti Hope Rising Voluntary Funds Society. Kí ló dí olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ láti wá? Ṣé ó tètè wá bẹ̀bẹ̀? Bí a bá tún ẹjọ́ gbọ́, ìyà wo ni yóò jẹ ẹnìkejì? Ṣé àwíjàre rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ọwọ́ wo ló fi mú ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀? Ní ìlú Òyìnbó pẹ̀lú, ní 1937, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣílẹ̀kùn fún onígbèsè tẹ́tẹ́ kan tí wọ́n ti dá lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Abala 36 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé ká gbọ́ tẹnu oníkálùkù.

Ìbéèrè kẹta ló gbà mí lọ́kàn jù. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ilẹ̀, ilẹ̀ tí à ń jà sí yóò ṣì wà níbẹ̀ lámọ́dún. Ṣùgbọ́n itan tó ṣẹ́ ń jẹ owó lójoojúmọ́. Kọ̀ńdọ́kítà tó rí ìjàǹbá lè ti kọrí sí Èkó, káàdì ọsibítù lè sọnù. Ẹni tó fara pa ló ń forí fá ìdádúró náà. Nítorí náà, kò yẹ kí ilẹ̀kùn tí a tún ṣí jẹ́ ọ̀fẹ́. Kóòtù lágbára láti ní kí ẹlẹ́bẹ̀ san ìnáwó ẹnìkejì, tàbí kó kó owó sí ìkáwọ́ kóòtù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wíjọ́. Níbi tí eegun bá ti ṣẹ́, mo fẹ́ kí adájọ́ máa lo agbára yẹn.

Lọ́yà wa fẹ́ ká ta kò ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin náà dópin. Àǹtí mi ní, “Ẹ jẹ́ kó wá, lọ́yà. Kó san owó ọkọ̀ tí mo ti ná, kó wá sọ lójú mi pé èmi ni mo pàtẹ síbi tí kò yẹ. Èmi náà á dìde, màá rìn lọ jẹ́rìí, adájọ́ á sì máa wò mí.”

Ìdájọ́ tó bá tibẹ̀ jáde, kò ní sí géètì tí ẹnikẹ́ni yóò tún fi ṣàwáwí.