Ọkọ̀ Tó Dúró Ló Ń Bọ́ Wa

Àwa réwáyà tí a wà nítòsí èbúté Abidjan kì í fi bẹ́ẹ̀ rí jẹ lára ọkọ̀ tó ń rìn. Ọkọ̀ tó dúró ló ń bọ́ wa. Tírélà tó bá dé láàárọ̀, tó já kòkó tàbí kaṣú tó rù, tó sì ti padà sójú títì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ni yóò wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi? Èyí tó bá tò sórí ìlà títí ilẹ̀ fi ṣú, tó di ọ̀tunla, tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ni yóò béèrè mi dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Zone 3: "Tonton Anago, mo fẹ́ iná tí n óò fi máa sùn."

Ọmọ Ẹjìgbò ni mí; Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ẹni tó bá mọ Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní béèrè ohun tó gbé mi dé Abidjan. Bọ́ọ̀sì ń ti ìlú wa lọ síbẹ̀ tààrà, ẹ ó sì bá ọmọ tó gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ láàárín ọjà Ẹjìgbò. Àwọn ìyá wa ń tajà ní Treichville àti Adjamé. Èmi ní tèmi, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ réwáyà, òun sì ni ọ̀gá mi.

Ọ̀gá máa ń sọ pé iṣẹ́ wa kò sí nígbà tí èbúté yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 1950 ni wọ́n la ipa omi Vridi já òkun kí ọkọ̀ ńlá lè wọ inú ọ̀sà Ébrié, ní 1951 wọ́n ṣí èbúté, ní 1954 reluwé dé Ouagadougou. Reluwé ló ń gbé ẹrù òkè, ìyẹn ìhà àríwá, nígbà náà, reluwé kì í sì í wá ẹni tí yóò fún un ní fáànù. Ìgbà tí ọ̀nà ọ̀dà gùn dé òkè, tí tírélà gba ẹrù, ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ẹnu ọ̀nà èbúté.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń sùn, lórí ẹrù gan-an, lórí tapólì tí wọ́n fi bo àpò kòkó. Mọ́tọ́bọ́ì a ta okùn sí abẹ́ ọkọ̀, a sùn síbẹ̀. Ẹ̀fọn ọ̀sà kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́. Àtùpà kẹrosíìnì ni wọ́n ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kòkó; bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ara mi a bù máṣọ. Rédíò oní-kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ dé, gílóòbù kékeré tẹ̀ lé e, kí fáànù tó wá dá wàhálà sílẹ̀. Gílóòbù kékeré kì í pa bátìrì ní òru kan. Fáànù lè pa á, pàápàá tí bátìrì bá ti gbó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìlà sún síwájú, kíkísítátà á kàn ké ṣẹ́kẹ́ ni. Ta ni yóò ti tírélà tó ru ẹrù?

Ohun tó ń ba bátìrì wọn jẹ́ jù, mo ṣì ń rí i títí dòní. Bátìrì méjì ló wà lára tírélà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12, tí a so tẹ̀léra kó lè di 24. Rédíò àti fáànù, 12 ni wọ́n ń jẹ. Mọ́tọ́bọ́ì á wá fa wáyà láti orí ẹyọ kan nínú méjèèjì. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọtanẹ́tọ̀ ń ta 28 sí méjèèjì lápapọ̀, kò mọ èyí tí ebi ń pa nínú wọn. Ẹ gbé mítà lé e, ẹ lè rí 13 lórí èyí tí wọ́n ń fà, kí ẹ rí 15 lórí ìkejì. Ọ̀kan kì í yó. Ìkejì ń hó, omi rẹ̀ ń gbẹ, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò ní pẹ́ tí méjèèjì á fi kú, dẹ́rẹ́bà á sì máa bú ẹni tó ta bátìrì fún un. Ọ̀gá mi kì í gbé mítà. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń fi kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìkejì lọ, á ní kí wọ́n lọ pe mọ́tọ́bọ́ì wá.

Ní oṣù kìíní 1994 wọ́n dín agbára CFA kù sí ìdajì: franc Faransé kan tó ń jẹ́ 50 di 100. Bátìrì tuntun di ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Àlòkù láti Yúróòpù, tí ará ibí ń pè ní France au revoir, la gbára lé. Bátìrì tó ti gbé mọ́tò kiri lókè òkun fún ọdún mélòó kan lè má lágbára àtiyí ẹ́ńjìnnì tírélà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè yí fáànù. Bí bátìrì kẹta ṣe dé ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn: èyí tí wọ́n ń fi sùn, tí kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú kíkísítátà.

Àpótí irin la ń jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣaasí fún un. A kì í gbé e sí abẹ́ fóòmù tí ènìyàn ń sùn lé, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ń gba iná lè gbiná. Rílè ló ń so ó pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, òun náà ló ń yà wọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Láàárín wọn ni réducteur wà, tó ń sọ 24 di 13.8. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu bátìrì gan-an, torí wáyà tó bá ń ha ara mọ́ ṣaasí láti Bamako dé Abidjan á bó lọ́jọ́ kan, iná á sì sọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fáànù kékeré ń jẹ ámpíà méjì, gílóòbù àti fóònù á mu ìkan. Mẹ́ta lọ́nà wákàtí mẹ́wàá jẹ́ ámpíà-wákàtí 30. Bátìrì 100 tí kò tíì gbó, ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò; bí mítà bá ti ń sọ 12.2, ẹ pa fáànù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fíríìjì, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ ka owó rẹ̀.

Ìṣèlú ló ń sọ bí ìlà ṣe máa gùn tó. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2002, ẹnubodè Burkina Faso tì, reluwé dúró, ẹrù Mali àti Burkina yà sí Lomé, Tema, Cotonou àti Dakar. Ọkọ̀ òkè kò wá dúró rárá, ebi sì pa wa. Ọdún 2011 yàtọ̀. Ouattara àti Gbagbo ń fa ipò ààrẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ouattara ní kí wọ́n má kó kòkó jáde mọ́ láti ọjọ́ 24 oṣù kìíní, Yúróòpù náà sì fòfin de èbúté Abidjan àti San Pédro. Àwọn tó ti ru kòkó dé kò mọ ibi tí wọn yóò já a sí. Orí ẹrù ni wọ́n ń sùn, kí olè má bàa kó o. Ń ṣe ni iṣẹ́ ń wọ́ tọ̀ wá, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọ̀pọ̀ báńkì tilẹ̀kùn, a sì ń ṣe é láwìn. Àwìn yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé mi. Ní 2022, láti oṣù kìíní dé oṣù keje, ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ Mali, ọkọ̀ wọn sì dúró sọ́dọ̀ wa. Àwọn ará Mali tí mo so bátìrì fún nígbà náà di ojúlùmọ̀; wọ́n mọ orúkọ àwọn ọmọ mi.

Lithium ló gbòde báyìí: sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, 3.2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fúyẹ́, a sì lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìpa á. Mo gbà pé ó dára. Ohun tí n kò gbà ni kí wọ́n so ó mọ́ rílè àtijọ́ lásán. Ó ń fa iná gidi, ó lè jó ọtanẹ́tọ̀, àfi kí ẹ̀rọ tó ń dín in kù wà láàárín. Sólà lórí kábíìnì dára fún ìlà gígùn, àfi pé olè Abidjan ní sípánà.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni n kì í fọwọ́ kàn: táńkà tó ń tò ní Vridi láti gbé epo. Iye owó yòówù kí wọ́n mú wá, n kò ní fa wáyà tuntun kankan sára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní mò ń lé oníbàárà. Mo ní tó bá gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó máa gbà wọ́n wọlé.