Àbámodá Inú Agolo

Bí o bá ya ọ̀dọ̀ wa ní Àlàbá Rago, àbámodá inú agolo ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. A kò ní àyè ọgbà. Ilé fún mọ́ ilé. Mo fẹ́ràn ewéko yìí ju àwọn òdòdó olówó gọbọi tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì lọ, nítorí ewé kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Já ewé tí ó gbó, tí ó nípọn, tí kòkòrò kò sì jẹ. Wo etí rẹ̀ dáadáa: ó ní eyín wẹ́wẹ́. Àárín eyín wọ̀nyí ni ọmọ ti ń yọ. Tẹ́ ewé náà sórí yanrìn tútù nínú agolo tí o ti dá ihò sí nídìí. Má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí bí omi bá pọ̀ jù, yóò jẹrà. Láìpẹ́, gbòǹgbò tín-ín-rín bí òwú yóò yọ, ewé kéékèèké yóò sì tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni kí o yọ àwọn ọmọ náà, kí o gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kódà bí o bá fi òwú so ewé náà kọ́ ara ògiri, yóò bímọ níbẹ̀. (Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé irọ́ ni, àfi ìgbà tí wọ́n fojú rí i.) Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì tí ó kú ní 1832, a máa fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Rago tí ó wà nínú orúkọ àdúgbò wa, àgbò ni lédè Hausa, àbámodá sì ní oró tí ń ba ọkàn ẹran jẹ́. Ó ti pa màlúù ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́ ní ọdún kan, aládùúgbò mi so àgbò rẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ agolo mi. Owó tí ó fi oṣù púpọ̀ tu jọ ni ó fi rà á. Àgbò ti na ọrùn, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewé, ni mo bá figbe ta. Baba náà fajú ro pé mo ń lé ẹran òun. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, òun gan-an ni ó bá mi gbé àwọn agolo náà lọ sórí odi, níbi tí wọ́n wà títí di òní.

Nítorí náà, bí tìrẹ bá pọ̀ jù, má ṣe dà á sí ààtàn tí ẹran ti ń jẹ̀. Yóò tún bímọ níbẹ̀. Sá a kí ó gbẹ, kí o sì sun ún.