Mọ́tò Ọdún 1955 àti Píkọ́ọ̀pù Tí À Ń Gbàdúrà Fún

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ń pín fọ́tò mọ́tò kan kiri: Mercedes-Benz 300 SLR, mọ́tò eré ìje ọdún 1955. Méjì péré ni wọ́n ṣe nínú èyí tó ní òrùlé, wọ́n sì ta ọ̀kan ní 2022 ní mílíọ̀nù 135 owó yúrò. Ẹyọ mọ́tò kan o! "Àmín, tèmi náà dé," ni wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwa àti màmá ìjọ rẹ́rìn-ín, a sì jókòó kà nípa rẹ̀.

Mọ́tò gidi ni, a ò ní purọ́. Ní May 1, 1955, Stirling Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí tí ò lórùlé sáré láti Brescia dé Róòmù ní Ítálì, ó sì padà sí Brescia. Nǹkan bíi 1,600 kìlómítà ni, lórí títì tí gbogbo ayé ń rìn, ní wákàtí 10, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Oníròyìn kan, Denis Jenkinson, ló jókòó tì í. Wọ́n ti rin ọ̀nà náà ṣáájú, ó sì ti kọ àwọn kọ́nà ibẹ̀ sórí ìwé gígùn kan tó ká sínú àpótí kékeré. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn, ọwọ́ ló fi ń júwe. Moss á máa gun òkè tí kò rí òdìkejì rẹ̀, kò ní dẹ eré, torí ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ti sọ pé ọ̀nà gún. Oníwàásù tó bá ka ibí yìí ti rí iṣẹ́ Sunday tó ń bọ̀, àbí?

Ṣùgbọ́n ní June ọdún yẹn kan náà, irú mọ́tò yìí fò wọ àárín èrò ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó kú lé ní 80. Magnesium ló wà lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́, èyí sì ń jó burúkú tí iná bá mú un.

Ẹ wá wo Hilux òde òní. Èyí tó ń lo dísẹ̀lì 2.8 ní agbára ẹṣin bíi 200. Ti SLR lé ní 300. Tí wọ́n bá jọ gbéra, SLR á ti dé, á ti jẹun, á ti sùn. Àmọ́ ẹ gbé àpò gàrí kan fún SLR. Ibo ló fẹ́ gbé e sí? Hilux á gba èrò márùn-ún pẹ̀lú bẹ́líìtì wọn, á tún ru ẹrù sẹ́yìn. Àní owó tí wọ́n ta SLR yẹn gan-an, ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ làwọn máa fi ràn lọ́wọ́. Ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ru ẹrù ẹlòmíì.

Arákùnrin kan tí a bọ̀wọ̀ fún ti ní ká fi owó píkọ́ọ̀pù kún tòun, kí òun fi ra mọ́tò ńlá fún wa, kí ògo ìjọ lè hàn. Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò tó kọjá, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé aláboyún jáde nínú ẹrẹ̀ ní ìjọ wa tó wà lóko. Èwo ni ògo níbẹ̀? A ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan owó yẹn.

Tòkunbọ̀ lagbára wa ká. Mẹkáníìkì ní ká yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa bóyá ó ti dógùn-ún, ká tó sanwó. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó dáa, kó jọ̀ọ́ rí akọ̀wé ìjọ.