Ṣúgà Tí Mo Ń Sá Fún Ló Gbà Mí

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò burú. Àwa tí a ní àtọ̀gbẹ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí pọ̀ ju àwọn tó ń sọ ọ́ jáde lọ. Bí ẹ̀rín yín bá lè yọ ẹnì kan, ẹ rín in tẹ́rùn.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé mo ní i, HbA1c mi, ìyẹn bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 84. Tó bá ti dé 48, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Ó fún mi ní ìwé tí ìjọba ya àwo oúnjẹ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Eatwell Guide, tí wọ́n gbé jáde ní 2016. Búrẹ́dì, ìrẹsì, pòtétò àti pásítà gba ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwo náà. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa mú èyí tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ dànù, bíi wíìtì. Bí mo ṣe gbọ́ wíìtì báyìí, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ṣebí wíìtì àti ẹ̀lúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni gbogbo ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń jẹ nílé!

Mo kó gàrí tèmi fún aládùúgbò, mo gbájú mọ́ wíìtì. Ẹ ò bá rí òkèlè náà! Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń gbá ní páàkì kò jù ú lọ. Mo ti gbà pé oúnjẹ aláìsàn kì í ní òṣùwọ̀n. Bàbá Tóbi á wò ó títí, á ní, "Ìyá Tóbi, ṣé ìwọ nìkan lo ni gbogbo èyí?" Màá ní, "Wíìtì ni o." Mò ń fún ewúro mu láràárọ̀. Metformin, oògùn tí wọ́n fún mi, ń da inú mi rú, mo bá pa á tì. Bí dókítà bá bi mí, màá ní mò ń lò ó dáadáa. Irọ́ funfun báláú! Nígbà tí ó rí i pé ṣúgà ò wálẹ̀, ó fi gliclazide kún un.

Tóbi, ọmọ mi obìnrin, ló ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà. Kí n tó jẹun, ó jẹ́ 7.9. Wákàtí méjì lẹ́yìn wíìtì, ó di 16.2. Mo ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Mo gún ìka mìíràn, ohun kan náà ni. Mo fa ọwọ́ Bàbá Tóbi, tí òun jẹ ẹ̀bà tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gún un. Tirẹ̀ jẹ́ 5.6. Ojú tì mí.

Tóbi wá fi àwòrán Dókítà David Unwin ti Southport hàn mí, ẹni tó fi ṣíbí ìpo-tíì ka ṣúgà tí oúnjẹ ń dà lára: ìrẹsì sísè gíráàmù 150, bí ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá. Wíìtì, ẹ̀bà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ni inú ń sọ di ṣúgà. Mi ò gbà kí ó ṣírò bọ́ọ̀lù tèmi.

Ẹ má tíì dúpẹ́. Aláṣejù ni mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo pa òkèlè, ìrẹsì àti búrẹ́dì tì pátá. Ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin, ẹ̀gúsí, ó parí. Ọjọ́ yẹn náà ni mo tún wá di olóòótọ́ sí oògùn! Gliclazide kì í bèèrè bóyá èèyàn ti jẹun, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti lé insulin, tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba níyànjú kọ ọ́ pé dídín oúnjẹ bí òkèlè, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù lè ran àwọn tó sanra tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ irú kejì bíi tèmi lọ́wọ́ fún bí oṣù mẹ́fà, àmọ́ kí ẹni tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ jẹ́ kí àwọn olùtọ́jú bá òun tún oògùn náà wò. Apá òkè nìkan ni mo kà.

Mo dé láti iṣẹ́ alẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo rò pé ayé ló dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn àjẹ́ ìdílé bàbá mi mọ́lẹ̀ ní kíṣìnnì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni Tóbi fi wà nílé. Ta ló ṣètò ìyẹn, bí kò ṣe Ọlọ́run? Ó gún ìka mi: 2.3. Ó gbé omi ọsàn wá, mo di ẹnu pinpin, mo ní èmi kì í mu ṣúgà mọ́! Ó kígbe lé mi lórí títí mo fi mu ún. Kò pẹ́ tí ojú mi fi là, tí mo sì rí i pé kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀.

Mo rò pé dókítà máa bú mi ni. Ó yọ gliclazide kúrò, ó pààrọ̀ metformin sí èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, ó sì ní oúnjẹ tí mo yàn kò burú, pé àìsọ ló burú. HbA1c mi ti di 46 báyìí. Àwọn onímọ̀ yẹn náà ní tó bá di ọdún kan, ìyàtọ̀ tí irú oúnjẹ yìí ń mú wá kì í hàn mọ́. Mi ò bá wọn jiyàn, mo mọ ohun tí ìrẹsì Kérésìmesì fi ojú mi rí.

Sístà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí láìpẹ́ yìí pé irú wíìtì wo ni mò ń jẹ. Mo ní kó kọ́kọ́ dárúkọ oògùn tó ń lò fún mi.