Orí-Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Nínú Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti dé ọdún àṣekágbá mọ̀ pé kì í ṣe kíkọ àpilẹ̀kọ oyè ló le jù, bí kò ṣe wíwá orí-ọ̀rọ̀ tí a óò kọ ọ́ lé lórí. Ní ọdún tó kọjá, iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wa ni a ń tú wò ní yàrá ìkàwé. Ẹlòmíràn á kàn yí orúkọ ìwé tí wọ́n yẹ̀ wò padà, á ní òun ti rí tòun. Èmi náà mú ìwé Fágúnwà kan, mo gbé e tọ olùkọ́ mi lọ.

Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Kí ni o fẹ́ mọ̀ nínú rẹ̀ tí o kò ì tíì mọ̀?” Ẹnu mi wọhò. Wọ́n ní, “Níbo ni ò ń gbé?” Mo ní Ketu ni. “Iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ ń ṣe?” Mo ní òwò ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fi bo ojú ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà láàrin yín tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé tòmátì ni màmá mi ń tà lọ́jà Máìlì 12.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá màmá lọ sọ́jà. Tòmátì ti òkè Ọya dé nínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà jìn, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì ti rọ̀. Màmá ṣà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n dín owó wọn kù, wọ́n gbóhùn sókè: “Ajinná-kíná-tó-ràn rèé o!” Àwọn oníbàárà rí i pé ó rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà á. Háà! Àdàpè rèé, àsọrégèé rèé, tí a ti ń há sórí láti ọdún kìíní! Mo bi màmá pé ta ló kọ́ wọn. Wọ́n ní, “Gbèsè ni. Bí mo bá pè é ní èyí tó rọ̀, kí ni n ó fi san owó ilé ìwé rẹ?”

Ojú tì mí.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ ìwé wọn lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, ẹnu àwọn ọdẹ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ta ló wá ní ẹnu aláta kò tó gbọ́? Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ lápò ṣòkòtò. Èmi ń wá tèmi lọ, tòmátì ń ti òkè Ọya bọ̀ wá bá mi.

Ìpolówó àwọn aláta Máìlì 12 ni mo kọ iṣẹ́ mi lé lórí. Màmá kò mọ̀wé kà, nítorí náà mo ka orí kìíní sí wọn létí. Wọ́n ní mo ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Mo tún un kọ.