Ó Wálẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí léèrè pé kí ni mò ń fi ẹ̀rọ Blu-ray ṣe ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí n kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ kiri pé mo fẹ́ ṣí ilé sinimá, pé igba náírà ni owó ìwọlé. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹ̀rọ yẹn kò tíì fi fíìmù kankan hàn látìgbà tó ti dọ́wọ́ mi. Orin ni mo fi ń fà yọ nínú àwo, irú àwo tí kọ̀ǹpútà gbogbo wa kò lè kà. Bó ṣe dọ́wọ́ mi ló gùn díẹ̀, ẹ bá mi jókòó.

Dádì mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ Miles Davis létí wọn, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Ní 1974, nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní gíramafóònù kan àti rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni Kind of Blue. Wọ́n ní alaalẹ́ ni àwọn ń gbọ́ ọ. Àwọn á kàwé, àwọn á yí i sí ojú kejì, àwọn á tún kàwé. Orin márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: mẹ́ta lójú kìíní, méjì lójú kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mẹ́ta àti méjì yẹn o, mo ń padà bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ní 2001, ibi iṣẹ́ wọn rán wọn lọ sí London fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá ẹlòmíì ra bàtà àti kóòtù bọ̀. Tèmi ra ẹ̀rọ orin Sony kan tó wúwo bí òkúta, àti àwo méjìlá. Mọ́mì tó ti ń retí ẹ̀rọ ìránṣọ kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àwo náà jọ síídì, ṣùgbọ́n síídì kọ́. SACD ni wọ́n ń pè wọ́n. Sony àti Philips, àwọn méjì náà tó bí síídì, ló tún gbé èyí jáde ní 1999. Kind of Blue wà nínú méjìlá yẹn.

Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún méjì, mo bá òfin nílẹ̀: ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2016, iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà kú. Àwọn oníṣẹ́ mẹ́ta ló tú u wò, ẹni kẹta ní ká máa fi gbé fáàsì òdòdó. Dádì kó àwọn àwo wọn sínú páálí, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá 2021, mo wà ní 100 level, Mọ́mì pè mí ní kùtù hàì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Dádì. Kí n tó délé, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ. N kò mọ bí mo ṣe máa júwe ìyẹn fún yín. Ẹ ó máa rí ọ̀rọ̀ lójú èèyàn, ẹ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì kọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, díẹ̀ padà: "omi", "rárá", orúkọ Mọ́mì. Nọ́ọ̀sì kan ní kí a máa gbé orin tí wọ́n fẹ́ràn sí i fún wọn.

Iṣẹ́ kékeré nìyẹn lójú tèmi. Mo wá Kind of Blue rí lórí fóònù, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn. Dádì fetí sí i fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n fajú ro, wọ́n ní:

"Ó wálẹ̀."

Mọ́mì ní wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga ni. Àwa méjèèjì gbé wọn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú wọn tún le sí i. "Ó wálẹ̀! Ó wá… lẹ̀!" Omi bọ́ lójú wọn. Mo yáa pa orin náà.

Mo rò ó títí di òru, mo wá sọ fún ara mi pé ó ti yé mi. Ohùn fóònù ni Dádì ń bá wí. Ẹni tó ti fi ẹ̀rọ ńlá gbọ́ orin fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣé fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló yẹ kí n wá gbé sí i létí? Ohùn náà ti wálẹ̀ lóòótọ́, kò dé ìdajì ti àwo wọn. Mo fa páálí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ti àwo náà bọ inú DVD ilé wa, DVD ní kò sí àwo níbẹ̀. Mo gbé e sí làptọ́ọ̀pù, ó pariwo kíríkírí, ó dákẹ́. Ìgbà tí mo wá kà nípa ẹ̀ ni mo mọ ohun tí mo ń bá jà. Síídì lásán máa ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì fi bit 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. SACD kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bit kan ṣoṣo ló ń kọ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ ní ìgbà 2,822,400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ìlọ́po 64 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ SACD ní ìpele méjì, ọ̀kan fún ẹ̀rọ síídì lásán, èkejì fún ẹ̀rọ tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí Sony kọ́kọ́ ṣe kò ní ju ìpele kan lọ, èyí tí wọ́n tì pa yẹn. Irú ẹ̀ ni ti Dádì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan, inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún SACD ló wà. Àwọn tó ni ín ti rí ohun tí aráyé fi síídì ṣe, bí wọ́n ṣe ń dà á kọ bí ẹni da ìwé past question kọ, wọ́n ní kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. PlayStation 3 ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ lò, àwọn tó jáde ṣáájú, torí wọ́n lè ka SACD. Ṣùgbọ́n software inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 3.55 lọ, ta ni mo fẹ́ bá irú ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2022? Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀rọ Blu-ray kan tó ń ka SACD, ti Oppo, ti Pioneer, ti Sony, ní ìwà kan. Bí wọ́n bá tan wọ́n tí fúláàṣì wà lára wọn, tí fódà kan tó ń jẹ́ AutoScript sì wà nínú fúláàṣì náà, wọ́n á ṣe ohunkóhun tí fódà yẹn bá ní kí wọ́n ṣe. Wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, tí á sì máa ti orin gba orí wáyà lọ sínú kọ̀ǹpútà yín.

Mo pe àǹtí mi ní London. Wọ́n ní, "Ìwọ àti Dádì, àrùn kan náà ló ń ṣe yín." Wọ́n sì rí i pé ohun tó jáde lẹ́nu àwọn kò dára, wọ́n dákẹ́. Ní Kérésìmesì 2022, wọ́n gbé Sony BDP-S590 àlòkù kan bọ̀, tí wọ́n fi aṣọ ìnura mẹ́ta wé.

N kò ní fi gbogbo ẹ̀ dá yín lágara. Fúláàṣì àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ torí pé n kò ṣe é ní FAT32. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi fódà sínú fódà. Lẹ́ẹ̀kẹta, n kò mọ ohun tí mo ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo tan ẹ̀rọ, mo káwọ́ gbera, ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tẹ nǹkan kan. Àmì tí mo ń retí nìyẹn! Mo fò sókè, ó kù díẹ̀ kí páńkà gbá mi lórí. Mo gbé àwo sí i, mo padé e, mo tẹ àṣẹ sínú làptọ́ọ̀pù: sacd_extract, àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà, 2002. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí gorí. 5. 12. 40. Nígbà tó dé 71, wọ́n mú iná lọ.

Mọ́mì ní, "Àbí epo tí a ń tọ́jú fún fírísà lo fẹ́ lò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Dádì, wọ́n fún mi ní kèègì. Kò tó wákàtí kan tó fi parí, fáìlì kan tó tó bíi gígabáìtì méjì. Làptọ́ọ̀pù mi kò lè fọ irú ohùn yẹn tààrà, mo yí i sí 24 bit, 88.2 kHz. Mo lọ yá sípíkà lọ́wọ́ aládùúgbò wa tó máa ń gbé e jáde fún òde ìnáwó.

Gbogbo wa pé sí pálọ̀. Dùùrù àti béèsì bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ìka Paul Chambers lórí okùn béèsì yẹn bí ẹni pé ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà wa. Ojú Dádì là, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ.

"Ó wálẹ̀."

N kò ní purọ́ fún yín, inú bí mi. Inú bí mi sí bàbá mi tó ń ṣàìsàn. Odidi ọdún kan! Mo jáde lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó pa orin náà, mo ń gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rí i pé Dádì ti dákẹ́. Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n dijú, ẹsẹ̀ òsì wọn ń lu ilẹ̀. All Blues ló ń kọ, orin kẹrin. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí karùn-ún fi parí. Àǹtí mi ní kí wọ́n tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún di "ó wálẹ̀".

Mẹ́ta àti méjì.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo rí i kà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gba ohùn Kind of Blue sílẹ̀ ní New York ní 1959: orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, méjì yòókù ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí téèpù ń lọ jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, díẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ tó pé lu téèpù náà, orin mẹ́ta yẹn sáré díẹ̀, ohùn wọn sì gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ títí wọnú àwọn ọdún 1990, kí wọ́n tó lo téèpù kejì tó lọ dáadáa lọ́jọ́ náà láti fi tún un ṣe. Àwo Dádì jẹ́ ti lẹ́yìn àtúnṣe. Èyí tó wà lórí fóònù náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a mọ̀ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà, ọ̀rọ̀ náà sì wà níwájú wa láti ọjọ́ kìíní. Dádì ò sọ̀rọ̀ àga. Wọn ò sọ̀rọ̀ fóònù. Ohùn orin náà ló wálẹ̀ sí ti 1974.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé orin kìíní sínú Audacity, mo jókòó síwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí sún un sókè díẹ̀díẹ̀. Mo sún un, mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n mi orí. Mo tún sún un. Wọ́n mi orí. Mo tún sún un, ọwọ́ òsì wọn lọ sókè bíi ti wọ́dà tó ń dá mọ́tò dúró. Wọn ò sọ nǹkan kan. A gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

Ìgbà tí mo ṣàlàyé fún Mọ́mì ni wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn ní 2001! Wọ́n ní òyìnbó ta ayédèrú fún àwọn. Mo ní owó ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń jà." Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ, wọ́n ń kùn ni, a sì rò pé wọ́n ń bá a kọ ọ́.

Dádì ti ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Orin mẹ́ta náà wà lórí fóònù wọn, "Ìbàdàn 1974" ni mo pe fódà rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, kí n má tàn yín. Miles Davis àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò lù ú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, àṣìṣe ẹ̀rọ ni, tèmi tó wálẹ̀ ni òtítọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Dádì nígbà tí mo lọ sílé lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Wọ́n ní, "Rárá." Wọ́n pè é já gaara.

Mo kó páálí náà wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì torí iná wa níbí sàn ju tilé lọ. Mo ti fa méje yọ nínú mọ́kànlá tó kù. Ìkẹjọ ní ìlà gígùn kan lójú, 38 ló máa ń dé tí á fi dúró. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ irú ìlà bẹ́ẹ̀, kó wá kan ìlẹ̀kùn mi. Kó má gbé toothpaste wá o, mo ti gbìyànjú ẹ̀.